Kẹ̀kẹ́ Tó Ga Ju Ẹsẹ̀ Lọ

"Gbé ẹsẹ̀ kọjá irin yìí, kí o dúró," ni Ọláolú wí.

Tìrìmísíyù gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá irin kẹ̀kẹ́ náà, ó sì dúró. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ pẹrẹsẹ. Àyè ìka mẹ́ta ṣẹ́kù láàárín irin àti ṣòkòtò rẹ̀.

"Ogún íǹṣì. Tìrẹ nìyẹn. Ó parí."

Ọláolú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìjẹ̀ṣà ni, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, ní Yaba, níbi tó ti ń ta kẹ̀kẹ́ tó sì ń tún un ṣe. Lọ́dún 1934 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bí ẹnìkan bá ra kẹ̀kẹ́ tuntun, gbogbo àdúgbò ló máa ń jáde wá wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé táyà kẹ̀kẹ́ méjì lè dọ́gba kí férémù wọn má dọ́gba. Férémù ni àwọn irin tó so táyà iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn. Láti ibi pẹ́dà títí dé abẹ́ ìjókòó ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Òmíràn jẹ́ ogún íǹṣì, òmíràn jẹ́ méjìlélógún, òmíràn sì jẹ́ mẹ́rìnlélógún.

Yẹ̀kínnì, ọ̀rẹ́ Tìrìmísíyù, bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn bíi ti lékeléke. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, èyí tó ga, wà níbi tó fi í tì sára ògiri.

"Tìrìmí, ṣé kì í ṣe èyí ni ìyàwó òyìnbó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Pa ẹnu mọ́ jàre," ni Tìrìmísíyù wí. Ṣùgbọ́n ojú ti ń tì í.

"Mi ò bú ọ o. Mo kàn ń wí fún ọ ni. Tí o bá gun èyí wọ Mushin, adìẹ kò ní yà fún ọ lọ́nà."

Tìrìmísíyù sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wà lára kẹ̀kẹ́ kan tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù. Ó dúdú, ó ń dán, ìjókòó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Tìrìmísíyù ní igbá àyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélógún íǹṣì. Ti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni. Gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹ̀ kí o rí i."

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Irin náà gún un lábẹ́, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sì kan ilẹ̀. Ó ní láti tẹ kẹ̀kẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó lè mí.

"Mo ṣì ń ga," ni ó wí.

"Ọdún wo lo máa ga dé ibẹ̀? Ṣé ọdún yẹn lo fẹ́ gùn ún ni, àbí Sátidé tó ń bọ̀?"

"Bàbá mi máa ń wí pé èyí tó bá tóbi ṣeé dín. Èyí tó bá kéré ni kò lóògùn."

"Bàbá rẹ ń sọ ti aṣọ."

Òótọ́ ni. Télọ̀ ni Àmúsà, bàbá Tìrìmísíyù, ní Mushin. Òfin kan wà tó fi ń rán aṣọ ọmọdé: gé e kó tóbi. Yóò ká etí aṣọ sínú lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìyá ọmọ lè máa tú u lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ bá ṣe ń ga. Láti kékeré, kò sí aṣọ tí Tìrìmísíyù wọ̀ tí kò kọ́kọ́ bò ó lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn náà ló sì padà bá a mu. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Ọláolú kò wọ̀ ọ́ létí.

"Èló ni kékeré yẹn? Èló ni èyí?"

"Iye kan náà ni."

Yẹ̀kínnì pàtẹ́wọ́. "Iye kan náà! Ta ni yóò fi owó àgbò ra ọmọ àgùntàn?"

Ọláolú nu ọwọ́ mọ́ àkísà. Kò wo Yẹ̀kínnì rárá. "Ọmọ yìí, gbọ́. Kò sẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní dúró. Bí o bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò wá ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá rí ilẹ̀, orí á rí i."

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tó ga ni mo fẹ́."

"Owó bàbá rẹ ni. Ṣùgbọ́n kó o wí fún un pé ogún íǹṣì ni mo ní kí o mú."

"Màá wí fún wọn."

Kò wí.

Ìdí tí wọ́n fi ní kó lọ ra kẹ̀kẹ́ kì í ṣe fún afẹ́. Kákí ni Àmúsà ń rán, ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, fún àwọn tó ń ru ẹrù ní ilé ẹrù kan ní Ìjọra. Iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ ilé wọn. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: aṣọ gbọ́dọ̀ dé Ìjọra ní gbogbo Sátidé kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Àmúsà fi ń ru ú lórí lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sòbìà mú un lẹ́sẹ̀. Nígbà tí sòbìà náà jáde tán, iṣan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ti sún kì, ẹsẹ̀ náà kò sì nà mọ́. Ó pẹ́ dé Ìjọra lẹ́ẹ̀kíní. Ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Akọ̀wé ilé ẹrù náà wí fún un pé bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun mọ télọ̀ mìíràn ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta.

Ìdí maṣíìnì ni Àmúsà wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ náà wọlé. Sàídátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbúrò Tìrìmísíyù, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rán etí ihò bọ́tìnnì. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Ìka rẹ̀ yá ju ti bàbá wọn lọ, ihò bọ́tìnnì tó bá sì rán kì í ya.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ fi gun ọ̀run ni?" ni Sàídátù wí.

Kùdírátù ìyá wọn jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà po lẹ́ẹ̀kan. "Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ rẹ dé ilẹ̀ lórí èyí?"

"Ó dé, Màmá."

Àmúsà wo irin náà, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń wọn ara ènìyàn. Ojú rẹ̀ ń wí nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀.

"Ṣé Ọláolú wọ̀n ọ́?"

"Wọ́n wọ̀n mí, Bàbá."

"Ó sì ní èyí ló bá ọ mu?"

Tìrìmísíyù wo maṣíìnì. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò burú. Kálukú ló mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ọlọ́run á fi í ṣe ọ̀nà ire fún wa."

"Àmín," ni gbogbo wọn wí. Tìrìmísíyù náà wí i.

Ó kọ́ kẹ̀kẹ́ náà gùn. Ó ní láti dúró sórí odó kó tó lè jókòó. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, yóò fò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti mọ gbogbo ibi tí òun lè dúró sí láti Mushin dé Ìjọra: kùkùté igi, òkúta ńlá, ògiri ilé kan ní Ojúẹlẹ́gba, pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan ní Yaba. Níbi tí ìwọ̀nyí bá wà, yóò fẹsẹ̀ tì í. Níbi tí wọn kò bá sí, kò ní dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe òun ló ń yan ibi tí yóò dúró sí.

Sátidé mẹ́ta kọjá. Agogo mẹ́sàn-án kò tíì lù tó fi ń dé Ìjọra. Akọ̀wé yìn ín. Àwọn ọmọdé Mushin ń sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń kígbe "Ọ̀gá! Ọ̀gá!" Yẹ̀kínnì sì ń gun tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wí pé, "Ṣé o rí i báyìí?" Tìrìmísíyù gbà pé Ọláolú kò mọ nǹkan kan.

Ní Sátidé kẹrin, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Aṣọ ọ̀sẹ̀ náà pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ku ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tí kò tíì ní bọ́tìnnì.

"Jẹ́ kí Sàídátù bá ọ lọ," ni Àmúsà wí. "Kó rán ìyókù nígbà tí akọ̀wé bá ń ka aṣọ."

Wọ́n di ẹrù náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ga dé ẹ̀yìn ọrùn Tìrìmísíyù. Sàídátù jókòó sórí irin iwájú, ó di abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ ṣóńṣó ìborùn rẹ̀. Kùdírátù di kẹ̀kẹ́ mú kí ọmọ rẹ̀ lè ti orí odó gùn ún.

"Ẹ rọra o. Ẹ rọra."

Ọ̀nà yangí ni ọ̀nà náà. Òjò ti fọ iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ lọ, ó ku òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yí lábẹ́ táyà. Sàídátù ń kọrin ilé kéwú. Ó ń bi í léèrè bóyá wọn yóò rí ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n rí i. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi géètì rélùwéè ní Yaba, aṣọ́géètì ti jáde pẹ̀lú àsíá pupa, ó ń ti géètì. Àwọn ènìyàn ti dúró, ọmọlanke méjì wà níwájú.

Tìrìmísíyù fún bíréékì. Bíréékì mú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí ohun tó ṣe bíréékì náà. Kẹ̀kẹ́ dúró.

Nígbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ilẹ̀. Kò sí kùkùté níbẹ̀, kò sí ògiri. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yangí, yangí yẹ̀. Ẹrù ẹ̀yìn fà á sí ọ̀tún. Ó gbìyànjú láti na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní ibi tó fẹ́ nà dé. Kẹ̀kẹ́, ẹrù àti òun fúnra rẹ̀ wó lu Sàídátù lápapọ̀. Sàídátù ti na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ láti gba ara rẹ̀ dúró. Irin kẹ̀kẹ́ bọ́ lé ọwọ́ náà.

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe rẹ̀. Tìrìmísíyù rí ẹnu rẹ̀ tó yà. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá tán ni igbe náà tó jáde síta.

Aṣọ́géètì fi igi méjì di apá náà, ó fa aṣọ ya fi wé e. "Apá ti kán," ni ó wí. "Tètè gbé e lọ." Ìdajì aṣọ kákí ti wà nínú kòtò omi pupa. Kò sẹ́ni tó dé Ìjọra lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Ìdí-Òro ni wọ́n gbé Sàídátù lọ. Nígbà tí Tìrìmísíyù délé, bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹnu Tìrìmísíyù ló kọ́kọ́ dáhùn. "Bíréékì ni, Bàbá. Bíréékì kò mú."

Àmúsà kò pariwo. Ó mi orí. "Ọláolú. Ó ta ikú fún mi."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀pá, ó ní òun ń lọ sí Sábó. Kùdírátù bẹ̀ ẹ́ kó rán ẹlòmíràn. Ó ní rárá, ojú òun ni yóò fi wo ọkùnrin náà. Tìrìmísíyù ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀, ó ń dúró níbi gbogbo: níbi òkúta, níbi kùkùté, níbi ògiri. Bó bá ti dúró, yóò nu òógùn, yóò wí pé, "Ká máa lọ." Nígbà márùn-ún ni Tìrìmísíyù la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Nígbà márùn-ún náà ló pa á dé. Kì í ṣe pé kò mọ òótọ́. Ó ń rò pé bóyá yóò yanjú fúnra rẹ̀.

Ènìyàn mẹ́rin wà ní ṣọ́ọ̀bù Ọláolú. Àmúsà kò jókòó.

"Ọláolú, o ta kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréékì fún ọmọ mi. Apá àbúrò rẹ̀ ti kán. Iṣẹ́ Ìjọra ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Ọláolú. Oníbàárà kan fi kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ rà sílẹ̀, ó rọra sún sẹ́yìn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ọlọ́run á wo ọmọ náà sàn," ni Ọláolú wí. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Tìrìmísíyù, ó gbé e sókè, ó yí táyà, ó fún bíréékì. Táyà dúró gbọn-in. Ó tún yí i. Ó tún dúró gbọn-in. Ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó sì wo Tìrìmísíyù. Kò bá a wí. Kò sọ ohun tó sọ lọ́jọ́sí. Ó kàn ń wò ó.

Tìrìmísíyù mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, bàbá òun ni àwọn ènìyàn yóò gbà gbọ́, bí bíréékì tilẹ̀ mú lójú wọn. Arúgbó tó fẹsẹ̀ kan rìn láti Mushin kì í puró. Ọláolú ni orúkọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ ní Sábó.

"Bàbá," ni ó wí. "Bíréékì mú. Ẹsẹ̀ mi ni kò dé ilẹ̀. Wọ́n wọ̀n mí. Wọ́n ní ogún íǹṣì ni kí n mú, wọ́n ní kí n wí fún yín. Èmi ni mi ò wí."

Àmúsà yí ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba láti dọ̀bálẹ̀ fún Ọláolú, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ẹsẹ̀ kan nà, èkejì kò nà. Ó ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀.

Ọláolú sáré di èjìká rẹ̀ mú. "Bàbá, rárá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde."

"Mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́ lójú ènìyàn. Ojú ènìyàn náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́."

Nígbà náà ni Tìrìmísíyù sunkún. Nígbà tí Sàídátù ṣubú, ẹ̀rù ló bà á. Ìtìjú bàbá rẹ̀ yìí ló wọ̀ ọ́ dé eegun.

Wọ́n fọ aṣọ kákí náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìjọra ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Akọ̀wé gbà á, ó ní kí wọ́n má gbé òmíràn wá mọ́. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta di ẹ̀ẹ̀mejì nílé Àmúsà. Ọláolú gba kẹ̀kẹ́ gíga náà padà, ó sì fún Tìrìmísíyù ní ogún íǹṣì. Òun ni Tìrìmísíyù ń gùn káàkiri Mushin àti Yaba láti wá ẹni tó fẹ́ rán aṣọ. Níbi tó bá wù ú, yóò dúró, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Aṣọ méjì, aṣọ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rí iṣẹ́. Yẹ̀kínnì wá kí wọn lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ wọ́n tú apá Sàídátù. Eegun ti jọ, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ kò yí mọ́, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kò sì pàdé. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ bọ́. Ó mú un nílẹ̀. Ó tún bọ́. Bàbá wọn ní kó fi sílẹ̀, kó lọ ṣeré.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìyá wọn ti jáde, Sàídátù wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́. Ó ti ń pẹ́ dé ilé kéwú.

"Ẹ bá mi so ó."

Tìrìmísíyù so ó. Kò so ìborùn fún ẹnikẹ́ni rí.

"Kò le. Ẹ tún un so."

Ó tú u, ó tún un so. Ó ṣọ́ra kó má fà á nírun. Sàídátù fi ọwọ́ òsì tẹ orí rẹ̀ wò, ó ní, "Ó ti dáa," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sì gán bọ́tìnnì mọ́.

Ohun tí a ó bá lò, ara wa ni ká fi wọ̀n ọ́n, ká má fi ojú ọ̀rẹ́ wọ̀n ọ́n. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá sọ fún wa, ká gbọ́. Bí a bá sì ti ṣì í yàn, ká tètè jẹ́wọ́, nítorí ìyà àṣìyàn kì í sábà mọ sórí ẹni tó yàn án. Tìrìmísíyù ló yan kẹ̀kẹ́. Apá Sàídátù ló kán.